Ó yára ju háàdì lọ, ṣùgbọ́n kì í ké kó tó kú: Ohun tó yẹ kí ẹ yẹ̀ wò kí ẹ tó ra SSD sínú kọ̀ǹpútà

Bí èèyàn bá yà kúrò ní Ajah, tó gba ojú ọ̀nà Addo lọ sí apá Langbasa àti Badore, ní ìjọba ìbílẹ̀ Eti-Osa, kò ní í rìn jìnnà kó tó rí ṣọ́ọ̀bù tí wọ́n ti ń tún kọ̀ǹpútà àti fóònù ṣe. Inú irú ṣọ́ọ̀bù bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ti máa ń dájọ́ ikú fún kọ̀ǹpútà. Ẹni tó ni ín á gbé e wá pé kò ṣí mọ́, tàbí pé ó ń wọ́ bí ìgbín. Ẹni tó fẹ́ tún un ṣe á tú ìdí rẹ̀, á yẹ inú rẹ̀ wò, á sì sọ pé háàdì dísìkì rẹ̀ ló ti lọ, kí wọ́n lọ ra SSD. Kò ní í pẹ́ tí ìpè á fi wọlé sí Ìkirè, sí Ìṣẹ́yìn tàbí sí Ìdànrè pé kí wọ́n fi owó ránṣẹ́ o, láptọ́ọ̀pù ọmọ ti bàjẹ́, iṣẹ́ sì wà lọ́wọ́ rẹ̀.

Owó tí bàbá fẹ́ fi ra oògùn kòkó, tàbí èyí tí ìyá yọ sọ́tọ̀ nínú owó ìfẹ̀yìntì, ni wọ́n á fi ránṣẹ́. Ẹni tó bá sì ń sanwó ọjà ní ẹ̀tọ́ láti mọ ohun tó ń rà. Kí ni SSD yìí gan-an? Ṣé dandan ni kí wọ́n rà á? Báwo lèèyàn ṣe ń mọ ojúlówó rẹ̀ yàtọ̀ sí ayédèrú? Ẹ̀yin bàbá àti ìyá wa, ẹ má ṣe rò pé ọ̀rọ̀ àwọn ọmọdé lèyí. Inú nǹkan pẹlẹbẹ yìí ni ìwé ilẹ̀ tí wọ́n yà sínú kọ̀ǹpútà wà, ibẹ̀ ni fọ́tò ìsìnkú màmá àgbà wà, ibẹ̀ náà sì ni iṣẹ́ àṣekágbá ọmọ yín tó wà ní yunifásítì wà. Lọ́jọ́ tó bá bàjẹ́, owó lè ra òmíràn, ṣùgbọ́n owó kò lè ra àwọn nǹkan tó wà nínú rẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ látorí háàdì dísìkì tí SSD ń rọ́pò. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ lo gírámáfóònù rí lẹ máa tètè lóye rẹ̀ ju àwa ọmọ ìsinsìnyí lọ. Àwo róbótó ló wà nínú háàdì dísìkì, apá irin tín-ín-rín kan sì ń lọ síwá sẹ́yìn lórí àwo náà láti ka ohun tó wà lára rẹ̀. Ìyàtọ̀ ibẹ̀ ni pé abẹ́rẹ́ gírámáfóònù máa ń fara kan àwo, ti háàdì dísìkì kì í fara kàn án. Afẹ́fẹ́ tó tín-ín-rín ju irun orí lọ ló wà láàárín àwọn méjèèjì. Nínú ọ̀pọ̀ láptọ́ọ̀pù, àwo yìí ń yí ní ìgbà 5,400 láàárín ìṣẹ́jú kan. Nígbà tí èèyàn bá fẹ́ ṣí fáìlì, apá irin yẹn gbọ́dọ̀ rìn débẹ̀, kó sì dúró kí ibi tó ń wá yí dé abẹ́ rẹ̀. Bí fáìlì tí kọ̀ǹpútà ń wá bá fọ́n káàkiri orí àwo, ìrìn yẹn á di ẹgbẹẹgbẹ̀rún, èyí ló sì fà á tí ẹ fi lè tan kọ̀ǹpútà kẹ́ ẹ tún lọ fi omi kaná kó tó ṣetán.

Iṣẹ́ ọwọ́ IBM ti ilẹ̀ Amẹ́ríkà ni. Lọ́dún 1956 ni wọ́n gbé àkọ́kọ́ irú rẹ̀ jáde pẹ̀lú kọ̀ǹpútà tí wọ́n pè ní RAMAC. Àwo 50 ló wà nínú rẹ̀, fífẹ̀ ọ̀kọ̀ọ̀kan jẹ́ íńṣì 24, ó sì wúwo ju tọ́ọ̀nù kan lọ. Pẹ̀lú gbogbo ìtóbi yẹn, lẹ́tà mílíọ̀nù 5 péré ló lè gbà. Fọ́tò kan ṣoṣo tí ẹ fi fóònù òde òní yà lè tó bẹ́ẹ̀.

SSD ní tirẹ̀ kò ní àwo, kò ní apá, kò sí ohun kankan tó ń yí nínú rẹ̀. Ṣíípù ni wọ́n tò sínú rẹ̀, irú èyí tó wà nínú fíláàṣì tí àwọn èèyàn ń so mọ́ kọ́kọ́rọ́. Onímọ̀ ẹ̀rọ ará Japan kan tó ń jẹ́ Fujio Masuoka, tó ń ṣiṣẹ́ ní Toshiba, ló fi ọgbọ́n rẹ̀ han ayé lọ́dún 1984. Nígbà tó di ọdún 1987, ilé iṣẹ́ kan náà gbé irú èyí tí wọ́n ń pè ní NAND jáde, òun ló sì wà nínú SSD títí dòní. Iyàrá kéékèèké tí ojú kò lè rí ló wà nínú ṣíípù yìí, wọ́n pọ̀ ju iyanrìn etí òkun Lekki lọ, iná mànàmáná díẹ̀ ni wọ́n sì ń sé mọ́ inú ọ̀kọ̀ọ̀kan bí ìgbà tí èèyàn bá pọn omi sínú àmù tó sì dé e. Kò dà bíi pé ẹnì kan ń rìn káàkiri wá fáìlì mọ́. Ibi tó wà ni wọ́n ti ń pè é tó ń jẹ́. Ní ọdún 1991 tí SanDisk ṣe ọ̀kan tó jẹ́ 20MB, bí ẹgbẹ̀rún kan dọ́là ni iye owó rẹ̀. Lónìí, èyí tó kéré jù lórí igbá ní Computer Village, Ikeja, ju ìlọ́po ẹgbẹ̀rún mélòó kan rẹ̀ lọ.

Ìyàtọ̀ náà hàn kedere. Háàdì dísìkì láptọ́ọ̀pù a máa ka nǹkan bíi 100MB láàárín ìṣẹ́jú-àáyá kan. SSD oní-SATA, tó jẹ́ irú tó wọ́pọ̀ jù fún kọ̀ǹpútà tó ti pẹ́, lè ka nǹkan bíi 550MB. Àmọ́ ìyẹn kọ́ ni ògidì ọ̀rọ̀. Bí wọ́n bá ní kí méjèèjì lọ kó fáìlì wẹ́wẹ́ wá láti ibi tó yàtọ̀ síra, èyí tó jẹ́ iṣẹ́ tí kọ̀ǹpútà ń ṣe láti àárọ̀ dalẹ́, háàdì lè dáhùn nǹkan bí ọgọ́rùn-ún ìgbà láàárín ìṣẹ́jú-àáyá kan, SSD á dáhùn ní ọ̀pọ̀ ẹgbàárùn-ún ìgbà. Ìdí nìyẹn tí kọ̀ǹpútà tó ti ń kú lọ fi ń dà bí ọmọ tuntun nígbà tí wọ́n bá fi SSD sí i. Lójú tèmi, fún ẹni tí kò lówó kọ̀ǹpútà tuntun, kò sí owó tó sàn ju èyí lọ láti ná sórí ti àtijọ́, bí mẹ́mórì rẹ̀ kò bá ti kéré ju 4GB lọ. Bó bá jẹ́ 8GB, ó tún dára jù.

Ó bá ọ̀nà wa mu pẹ̀lú. Ẹni tó bá ti gbé láptọ́ọ̀pù sínú báàgì, tó wọ danfo láti Addo dé Ajah nígbà tí ilẹ̀kẹ́ òjò bá ti ba ojú ọ̀nà jẹ́, mọ ohun tí kòtò ń ṣe. Bí háàdì bá ṣì ń yí lọ́wọ́ nínú báàgì, tí ọkọ̀ sì já sí kòtò, apá irin yẹn lè gbá àwo, á sì ha á. SSD kò ní ohun tó lè gbá ohun kan.

Ibi tí wàhálà wà la ń bọ̀ yìí. Háàdì dísìkì dà bí ẹṣin tó ti darúgbó, a máa ṣe àìsàn kó tó kú. Á bẹ̀rẹ̀ sí í dún kò-kò-kò, á máa falẹ̀, fáìlì kan á ṣí, òmíràn á kọ̀, olówó rẹ̀ á sì ti mọ̀ pé kí òun tètè kó ẹrù òun jáde. Lọ́pọ̀ ìgbà, àwọn tó mọ iṣẹ́ ṣì lè rí nǹkan yọ lára àwo rẹ̀ lẹ́yìn ikú. SSD kì í pariwo. Ẹ lè pa kọ̀ǹpútà lálẹ́ pẹ̀lú ayọ̀, kó sì jẹ́ pé láàárọ̀ ọjọ́ kejì kọ̀ǹpútà á ní òun kò rí ohun kankan nínú. Bí ẹ bá sì ṣèèṣì pa fáìlì rẹ́ nínú rẹ̀, kì í pẹ́ tí SSD fúnra rẹ̀ fi máa ń gbá iyàrá yẹn mọ́ fún àlejò mìíràn; ẹni tó lè bá yín wá a padà nínú háàdì lè máà rí ohunkóhun níbí.

Àwọn ilé iṣẹ́ ńlá gan-an ti jìyà rẹ̀ rí. Ní oṣù kọkànlá ọdún 2019, Hewlett Packard Enterprise kéde fún àwọn oníbàárà rẹ̀ pé àṣìṣe kan wà nínú ètò tó ń darí àwọn SSD kan tí wọ́n ń lò nínú kọ̀ǹpútà ńláńlá. Bí irú SSD náà bá ti ṣiṣẹ́ pé wákàtí 32,768, ìyẹn ọdún mẹ́ta, ọjọ́ 270 àti wákàtí mẹ́jọ, ńṣe ló máa kú, àti òun àti ohun tó wà nínú rẹ̀, wọn kò sì ní í ṣeé gbà padà. Àwọn tí wọ́n rà wọ́n lọ́jọ́ kan náà tí wọ́n tò wọ́n síbi kan náà lè pàdánù gbogbo rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Àtúnṣe wà fún un, wọ́n sì pín in, ṣùgbọ́n ẹni tí kò gbọ́ ìkéde kò lè mọ̀, torí pé SSD náà kò mú ariwo kankan wá.

Bó ṣe rí nìyẹn tí yíyẹ SSD wò fi ju pé kí èèyàn bi oníṣọ́ọ̀bù pé ṣé ó dára. Ta ló máa sọ pé tòun kò dára?

Èyí tí kò ní í bá yín lálejò ni ti ayédèrú. Ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà níbẹ̀ ju èje lọ. Ohun tí àwọn gbájúẹ̀ ń ṣe ni pé wọ́n á mú ṣíípù kékeré, wọ́n á yí ètò tó ń darí rẹ̀ padà kó lè máa purọ́ fún kọ̀ǹpútà pé òun tóbi. Ẹ wò ó bí ilé tó ní yàrá márùn-ún, tí onílé kọ nọ́ńbà ogún yàrá sí ara ilẹ̀kùn rẹ̀. Àlejò márùn-ún àkọ́kọ́ á sùn dáadáa. Láti orí ẹlòmíràn lọ, wọ́n á kàn gba orúkọ rẹ̀ sílẹ̀ ni, kò sí ibi tó máa sùn, tàbí kí wọ́n lé ẹni àkọ́kọ́ jáde fún un. Bẹ́ẹ̀ ni fáìlì á máa fara hàn nínú SSD ayédèrú, orúkọ rẹ̀ á wà níbẹ̀, ìwọ̀n rẹ̀ á pé, ṣùgbọ́n lọ́jọ́ tí ẹ bá fẹ́ ṣí i, òfìfo ni. Àwọn tó ti tú irú rẹ̀ wò ti bá káàdì mẹ́mórì fóònù tí wọ́n lẹ̀ mọ́ inú rẹ̀.

Ìwúwo kò ṣeé fi dá a mọ̀. Ojúlówó SSD fúyẹ́ gan-an, àwọn oníbàjẹ́ sì mọ̀ pé àwa èèyàn gbà pé ohun tó wúwo ló ní láárí, nítorí náà wọ́n lè ki irin sínú tiwọn. Iye owó ló kọ́kọ́ ń tú u fó. Ẹ béèrè iye tí wọ́n ń ta ìwọ̀n kan náà ní ṣọ́ọ̀bù mẹ́ta. Bí ẹnì kan bá ń ta èyí tí wọ́n kọ 2TB sí ní iye tí àwọn yòókù ń ta 256GB, kì í ṣe àánú ló ń ṣe yín.

Lẹ́yìn ìyẹn, ẹ̀rọ ló kù tó máa ń jẹ́rìí. Ìwé ìròyìn kọ̀ǹpútà ilẹ̀ Jámánì kan tó ń jẹ́ c't pín ètò kékeré kan lọ́fẹ̀ẹ́, H2testw ni orúkọ rẹ̀. Ohun tó ń ṣe kò le. Á rọ fáìlì sínú SSD náà títí tó fi máa kún dẹ́nu, á wá padà kà á láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin bóyá ohun tóun fi síbẹ̀ lòun bá. Bí irọ́ bá wà níbẹ̀, kò lè bọ́. Fún àwọn tó ń lo Linux, F3 ló ń ṣe irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀. Ó lè gba ìdajì wákàtí tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, kí ẹ sì ṣe é nígbà tí kò tíì sí ohunkóhun nínú SSD náà. Bí oníṣọ́ọ̀bù bá ní òun kò ní àsìkò ìyẹn, ẹ jẹ́ kó kọ ọ́ sí rìsíìtì pé ẹ lè dá a padà bí kò bá pé. Ẹni tí kò gbà láti kọ rìsíìtì, ẹ má fún un lówó. Òfin ààbò oníbàárà tí ìjọba àpapọ̀ fọwọ́ sí ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2019 wà, àjọ FCCPC ló sì ń mójú tó o, ṣùgbọ́n kí lẹ fẹ́ fi han àjọ náà bí kò bá sí ìwé?

Ọ̀rọ̀ kan wà tó máa ń dá ìjà sílẹ̀ láìnídìí. Bí ẹ bá ra SSD 240GB, Windows á kọ nǹkan bíi 223GB sí i. 500GB á di 465GB. 1TB á di 931GB. Kò sẹ́ni tó jí ìyókù. Ẹgbẹ̀rún-ẹgbẹ̀rún làwọn tó ṣe é fi ń kà á, kọ̀ǹpútà sì ń kà á ní 1,024-1,024, bí ìgbà tí ìwọ̀n kóńgò Ìyá Alátẹ kan bá yàtọ̀ sí ti òmíràn.

Bó bá ti dájú pé kì í ṣe ayédèrú, ó kù kẹ́ ẹ mọ ọjọ́ orí rẹ̀. Ọ̀pọ̀ láptọ́ọ̀pù tòkunbọ̀ ni wọ́n máa ń yọ ibi ìpamọ́ inú rẹ̀ kí wọ́n tó kó o kúrò lókè òkun, nítorí àwọn tó ni ín kò fẹ́ kí àkọsílẹ̀ wọn jáde. Níbí ni wọ́n ti ń fi òmíràn sí i, ẹni tó bá sì rà á kò mọ ibi tí ìyẹn ti wá. Ètò kan tún wà lọ́fẹ̀ẹ́ tó ń jẹ́ CrystalDiskInfo. Bí wọ́n bá ṣí i, á sọ iye wákàtí tí SSD náà ti ṣiṣẹ́, iye ohun tí wọ́n ti kọ sínú rẹ̀ láti ọjọ́ tí wọ́n ti ṣe é, àti ìlera tó kù sí i nínú ọgọ́rùn-ún. Èyí tí wọ́n pè ní tuntun tó sì ti ṣiṣẹ́ fún wákàtí ẹgbẹ̀rún mẹ́sàn-án, àlòkù ni. Ìyẹn kò sọ pé kẹ́ ẹ má rà á o, bí ìlera rẹ̀ bá ṣì lé ní 90, àmọ́ ẹ san owó àlòkù.

Ìlera tí à ń wí yìí ní ìdí. Iyàrá kéékèèké inú SSD kì í fara da kí wọ́n máa kọ nǹkan sínú rẹ̀ títí láé. Bí wọ́n ṣe ń kọ ọ́ tí wọ́n ń pa á rẹ́ ni ògiri rẹ̀ ń fẹ́. Àwọn ilé iṣẹ́ wá máa ń kọ ọ́ sára ìwé ọjà wọn iye tó lè gbà kó tó rẹ̀ ẹ́, TBW ni wọ́n ń pè é. Samsung kọ 150 fún 870 EVO tó jẹ́ 250GB, wọ́n sì fi ọdún márùn-ún ṣe wáráńtì rẹ̀. Crucial kọ 80 fún BX500 tiwọn tó jẹ́ 240GB. Ẹni tó bá rí i lè rò pé 80 ti kéré jù. Ẹ jẹ́ ká ṣírò rẹ̀. TBW 80 jẹ́ 80,000GB. Akọ̀wé tó ń tẹ ìwé, tó ń wo íntánẹ́ẹ̀tì, tó sì ń tọ́jú fọ́tò, agbára káká ni yóò fi kọ 20GB lóòjọ́. Bó bá tiẹ̀ ń kọ ọ́ lójoojúmọ́ láìsinmi, ọjọ́ 4,000 ni, ìyẹn ọdún mọ́kànlá ó ku díẹ̀. Nítorí náà, ẹ má jẹ́ kí wọ́n fi TBW gba owó lọ́wọ́ yín ju bó ṣe yẹ lọ, àyàfi bí iṣẹ́ yín bá jẹ́ fídíò ìgbéyàwó. Bí èyí tẹ́ ẹ fẹ́ rà kò bá ní iye kankan tí wọ́n kọ sílẹ̀ fún un, tí kò ní wáráńtì, tí kò sì sí ibi tí wọ́n ti mọ orúkọ ilé iṣẹ́ rẹ̀, ìyẹn ni kẹ́ ẹ yẹra fún.

Bẹ́ẹ̀ náà ni iye eré tí wọ́n ń kọ gàdàgbà sára páálí. Ẹ máa rí 3,500, ẹ máa rí 7,000. Irú èyí tí wọ́n ń pè ní NVMe ló ń sá eré yẹn, ó sì rí tín-ín-rín gígùn bíi ṣingọ́ọ̀mù pẹlẹbẹ. Inú ọ̀pọ̀ láptọ́ọ̀pù àtijọ́ kò tilẹ̀ ní ojú ihò tó lè gbà á. Àwọn mìíràn ní ojú ihò náà, ṣùgbọ́n SATA nìkan ni wọ́n mọ̀, bẹ́ẹ̀ àwọn méjèèjì jọra bí ìbejì. Kí ẹni tó ń lọ sọ́jà kọ orúkọ àti nọ́ńbà kọ̀ǹpútà rẹ̀ sínú ìwé lọ. Bó bá sì jẹ́ pé Word àti ìwé àkọsílẹ̀ owó ìjọ ló ń fi í ṣe, kò ní í mọ ìyàtọ̀ láàárín 550 àti 7,000.

Ó tún yẹ kẹ́ ẹ mọ̀ pé àwọn kan máa ń bẹ̀rẹ̀ eré bí ẹtu, wọ́n á sì parí rẹ̀ bí ìjàpá. Àwọn olówó pọ́ọ́kú, pàápàá irú tí wọ́n ń pè ní QLC, ní ibi kékeré kan tó yára. Bí ìyẹn bá ti kún nígbà tí ẹ ń da fáìlì ńlá sínú rẹ̀, eré rẹ̀ lè já wálẹ̀ títí kó falẹ̀ ju háàdì lọ. H2testw yẹn náà á jẹ́ kẹ́ ẹ rí i.

Ọ̀rọ̀ iná wá ńkọ́? Abẹ́ Eko Disco ni agbègbè Ajah wà. Ní oṣù kẹrin ọdún 2024 ni wọ́n gbé owó àwọn tó wà ní Band A lọ sí ₦225 fún ìwọ̀n kan nígbà náà, pẹ̀lú ìlérí iná wákàtí ogún lóòjọ́, ti àwọn tó kù sì kéré sí ìyẹn. Ẹni tó wà ní Band A gan-an mọ̀ pé iná kì í dágbére kó tó lọ. Bí iná bá lọ lójijì nígbà tí SSD ń kọ nǹkan lọ́wọ́, ohun tó lè bàjẹ́ ju fáìlì yẹn lọ. SSD ní ìwé atọ́nà kan nínú ara rẹ̀, tó fi ń mọ yàrá tí ohun kọ̀ọ̀kan wà. Bí iná bá já a gbà níbi tó ti ń tún ìwé yẹn kọ, ó lè má mọ ọ̀nà ilé ara rẹ̀ mọ́. Àwọn SSD ilé iṣẹ́ ńlá ní ohun tó ń tọ́jú iná díẹ̀ pamọ́ fún un láti parí iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀. Èyí tó wà lórí igbá fún àwa mẹ̀kúnnù kì í sábà ní in. Láptọ́ọ̀pù tí bátìrì rẹ̀ dára kò ní ìṣòro yìí. Ti kọ̀ǹpútà orí tábìlì àti láptọ́ọ̀pù tí bátìrì rẹ̀ ti kú, tó ń jẹ iná tààrà, ló le. Fún irú wọn, UPS ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ wá, kẹ́ ẹ tó wá SSD. Ní ojú tèmi, ṣọ́ọ̀bù tó ń tẹ ìwé fún aráàlú láìní UPS ń fi iṣẹ́ oníbàárà ta tẹ́tẹ́.

Kókó kan tún wà tí àwọn oníṣọ́ọ̀bù kì í sọ. Omi inú àmù tí mo fi ṣàpẹẹrẹ lẹ́ẹ̀kan máa ń gbẹ díẹ̀díẹ̀. SSD tí wọ́n yọ, tí wọ́n fi sínú àpótí láìfi iná sí i, lè gbàgbé ohun tó wà nínú rẹ̀. Ìlànà àjọ JEDEC, tó ń gbé òté lé irú ẹ̀rọ yìí lágbàáyé, béèrè pé kí SSD aráàlú tó ti lo gbogbo TBW rẹ̀ tán ṣì lè tọ́jú nǹkan fún ọdún kan láìsí iná, ní ibi tí ooru rẹ̀ kò ju ìwọ̀n 30 lọ. Yàrá wo ló wà ní Addo nígbà ẹ̀rùn tí kò gbóná ju ìyẹn lọ? SSD tuntun á pẹ́ jù bẹ́ẹ̀ lọ dáadáa, ṣùgbọ́n kì í ṣe ibi tí à ń tọ́jú fọ́tò ìdílé pamọ́ fún ọmọ-ọmọ. Háàdì dísìkì tí à ń bú láti ìbẹ̀rẹ̀ sàn ju SSD lọ fún ìyẹn. Ẹ fi SSD ṣiṣẹ́ nínú kọ̀ǹpútà, kí ẹ da ohun tó ṣe pàtàkì sínú háàdì tó wà níta, kí ẹ sì fún ẹ̀gbọ́n tó wà ní ìlú mìíràn ní ẹ̀dà kan, torí iná àti omíyalé kì í mọ yàrá tí ẹ kó ẹrù sí.

Kẹ́ ẹ tó sanwó, ẹ tún bi ara yín bóyá kọ̀ǹpútà náà tọ́ sí i. Microsoft ṣíwọ́ ìtọ́jú Windows 10 ní ọjọ́ 14 oṣù kẹwàá ọdún 2025, wọ́n sì fún àwọn tó bá forúkọ sílẹ̀ ní àfikún ọdún kan. Ọ̀pọ̀ jù lọ kọ̀ǹpútà tí ọpọlọ wọn jẹ́ ti Intel tó ṣáájú ìran kẹjọ, èyí tó jáde lọ́dún 2017, ni wọn kò gbà wọlé sí Windows 11. SSD kò lè yí ìyẹn padà. Láptọ́ọ̀pù bẹ́ẹ̀ ṣì lè wúlò fún títẹ ìwé, tàbí kí wọ́n fi Linux sí i, ṣùgbọ́n kó má jẹ́ orí rẹ̀ lẹ ó ti máa fi owó ránṣẹ́ sí báńkì. Iye owó náà kò rọrùn mọ́. Dọ́là ni wọ́n fi ń kó o wọlé, láti ìparí ọdún 2025 sì ni owó ṣíípù ìpamọ́ ti ń gòkè káàkiri ayé, nítorí àwọn ilé iṣẹ́ ńlá tó ń kọ́ ọgbọ́n àtọwọ́dá ń rà á lọ wìtìwìtì. Èyí tó jẹ́ 240GB tàbí 256GB tó fún ọ̀pọ̀ èèyàn.

Ẹ má sì fi háàdì àtijọ́ sílẹ̀ sí ṣọ́ọ̀bù. Ọ̀pọ̀ ló máa ń sanwó SSD tán tí wọ́n á gbé kọ̀ǹpútà wọn lọ tayọ̀tayọ̀, tí wọn kò ní í béèrè èyí tí wọ́n yọ. Bó tiẹ̀ kọ̀ láti ṣí, orúkọ yín, ìwé ilẹ̀ yín àti nọ́ńbà báńkì yín lè wà lára àwo rẹ̀ síbẹ̀, ẹni tó bá mọ ọ̀nà á sì kà á. Ẹ ní kí wọ́n dà á padà fún yín. Bí ẹ kò bá ní ohun tí ẹ fẹ́ fi ṣe mọ́, ẹ tú u, kí ẹ fi òòlù fọ́ àwo inú rẹ̀ kẹ́ ẹ tó sọ ọ́ nù.